Iná ọ̀pá T5 àbí LED fún táǹkì iyùn: ṣé kí n pààrọ̀ ni àbí kí n dúró?

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Manchester
Ọjọ́ Àìkú, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú láti àná, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó náwó tí màá kábàámọ̀.

Táǹkì omi iyọ̀ mi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ọdún kẹfà rẹ̀ rèé. Iyùn ààyè inú òkun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹja ibẹ̀ ò ju méje lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iná ọ̀pá T5 mẹ́rin ti ń tàn lé e lórí, wáàtì 54 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: búlúù méjì, funfun kan, èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kan. Oṣù mẹ́wàá mẹ́wàá ni mo ń pààrọ̀ wọn. Àná tí mo lọ ra tuntun, ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ìjọba ti fòfin de T5, ó ní LED ló kù. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan, £310. Ó ní táǹkì mi á gba méjì. Mo ní kò burú, mò ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò tíì padà débẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì: ṣé lóòótọ́ ni òfin yẹn wà? Ṣé iyùn mi ò ní kú? Ṣé owó iná tí wọ́n ní LED ń dín kù yẹn tó nǹkan?


BàbáÌbejì_Houston
Ọjọ́ Àìkú, 10:40 alẹ́

Àbúrò, káàbọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nídìí T5, mi ò sì bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí, kí ìwọ má lọ ṣe bíi tèmi.

Lọ́jọ́ tí LED mi dé, inú mi dùn débi pé mi ò ka ìwé tó bá a wá. Ibi tí T5 wà gan-an ni mo gbé e kọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ lọ sí ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà bí etí òkun lọ́sàn-án gangan. Mo pe ìyàwó, mo pe àwọn ọmọ, gbogbo wa tò síwájú táǹkì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, iyùn ẹlẹ́ka mi kan, Acropora, tó wà lókè pátápátá, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ṣóńṣó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló kọ́kọ́ funfun bí ẹ̀fun, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹran ara rẹ̀ ń bó bí awọ ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́ ọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ lábẹ́ òkúta ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe LED ló pa á, ọwọ́ mi ni. Àwọn ewé omi tín-ín-tìn-ìn-tín kan ń gbé inú ẹran ara iyùn, zooxanthellae ni orúkọ wọn. Àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, iyùn á wá gba tiẹ̀ níbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù lójijì, ohun tí wọ́n ń sè á di májèlé fún onílé, iyùn á sì lé wọn jáde. Àwọn ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọ̀ tí à ń rí. Bí wọ́n bá ti lọ, egungun funfun ló kù tí ojú ń rí láti inú ẹran ara.

Tí o bá máa pààrọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 30 tàbí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Máa fi márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí iyùn kan bá ń ṣí, má fi kún un mọ́ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.


ÌyáẸja_Peckham
Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́wọ́, ọ̀pọ̀ ló ń pa iyùn tí wọ́n á ní omi ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, èmi ò tíì fi T5 sílẹ̀, kì í sì í ṣe orí kunkun. Iná ọ̀pá ń rọ̀ lé táǹkì lórí bí òjò wínníwínní: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá dé ìparí rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde, irin dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tún ń ta ìyókù padà wálẹ̀. Kò síbi tí kì í dé. LED ní tirẹ̀ dà bí omi ẹ̀rọ, ojú kan ló ti ń dà. Ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á yó, ohun tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀ka á wà lókùnkùn.

Mo rí i lójú ara mi. Ọ̀rẹ́ mi kan fi LED méjì tọ́ Acropora kan fún bí ọdún méjì. Ó pè mí kí n wá bá a gé e sí wẹ́wẹ́. Láti òkè, ẹ ò rí irú ẹwà bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ewé tí ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ àlùkò. Mo gbé e jáde, mo dojú rẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́ mi: gbogbo abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó rí págunpàgun, ó pupa rúsúrúsú bí òkúta ẹ̀bá odò, kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀. Nǹkan bí ìdajì iyùn náà ti kú tipẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, torí òkè la máa ń wò. Irú ìyẹn tó wà lọ́dọ̀ mi lábẹ́ T5, títí dé ìdí tó fi lẹ̀ mọ́ òkúta ló láwọ̀.


ẸnjiníàIná_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Èmi ò ní táǹkì, iná ni iṣẹ́ mi, ìyá yìí ló fi ọ̀rọ̀ táǹkì kó sí mi lórí. Ẹ jẹ́ kí n mú ti òfin.

Ọmọ tó ń tajà yẹn sọ̀rọ̀ tó sún mọ́ òótọ́. Nílẹ̀ àjọ European Union, láti 24 August 2023 ni wọn ò ti gbà kí ilé iṣẹ́ gbé T5 àti T8 tuntun tí a fi ń tan ilé àti ọ́fíìsì jáde sọ́jà mọ́. Èyí tó ti wà lórí igbá ṣì ṣeé tà. California fòfin de títa ọ̀pá gbọọrọ láti 1 January 2025. Àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì sì pàdé ní Geneva ní 2023, wọ́n fẹnu kò pé tó bá fi máa di òpin 2027, kí ṣíṣe ọ̀pá yìí, kíkó o wọlé àti kíkó o jáde ti dópin. Nàìjíríà wà lára wọn. Mẹ́kúrì tó wà nínú rẹ̀ ló fà á. Minamata ni ìlú tó wà ní Japan níbi tí mẹ́kúrì ti wọnú ẹja, tó sì ti inú ẹja wọnú èèyàn.

Ẹnikẹ́ni ò ní wá mú ọ nítorí èyí tó ń tàn nínú ilé rẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ọ́fíìsì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ló ń ra ọ̀pá wọ̀nyí, onítáǹkì ò ju èérún lọ lára oníbàárà. Bí àwọn ńlá bá ti kúrò nídìí ọjà, ta ló máa ṣí ilé iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí yín?

Nípa bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́: nínú ọ̀pá, iná mànàmáná ń kọjá nínú afẹ́fẹ́ mẹ́kúrì, ìtànṣán tí ojú ò lè rí á jáde, á lu àtíkè funfun tó wà lára gíláàsì, àtíkè yẹn ló ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀. Àtíkè yẹn ló ń gbó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pààrọ̀ ọ̀pá tó ṣì ń tàn: ojú yín ò mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí. LED ò ní mẹ́kúrì. Ègé kékeré kan tí iná ń gbà kọjá ló ń tan búlúù fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ búlúù gan-an ni iyùn ń fẹ́. Omi òkun máa ń gbé pupa mì láàárín ìwọ̀nba mítà, búlúù ló ń lọ jìnnà jù, òun náà sì ni àwọn ewé inú iyùn mọ̀ ọ́n jẹ jù, láàárín 400 sí 500 nanomítà. LED búlúù yìí pẹ́ kó tó ṣeé ṣe. 1993 ni Shuji Nakamura gbé èyí tó mọ́lẹ̀ dáadáa jáde; òun, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2014.


ẸlẹjaLẹ́kkì
Ọjọ́ Ajé, 1:17 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀n, ẹ ń sọ̀rọ̀ òjìji. Ẹ wá sí Lẹ́kkì kẹ́ ẹ wá rí ooru!

Iyùn fẹ́ kí omi wà ní 25 tàbí 26. Inú yàrá mi ń lọ sí 31 bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ. Nígbà tí mò ń lo T5 mẹ́fà, bí mo ṣe ń tan iná ni ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù ń ké, àwọn méjèèjì jọ ń jẹ owó mi. Jẹnẹrétọ̀ tún wá ń fún wọn níná tó ń lọ sókè sódò, choke tó ń gbé iná fún ọ̀pá á jó, ẹnu ọ̀pá á dúdú kó tó pé oṣù mẹ́rin. LED lè ṣiṣẹ́ lórí inverter, ooru rẹ̀ ń gba òkè jáde, bí bátìrì bá sì ń lọ sílẹ̀ mo lè dín in kù láti orí fóònù. Fún èmi, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó bí mi nínú: 50,000 wákàtí tí wọ́n ń kọ sára páálí, ti ègé tó ń tàn nìkan ni. Fáànù tó ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ò mọ̀ nípa ìyẹn. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ wọ tèmi lára ní oṣù kẹrìndínlógún, fáànù dákẹ́, bọ́ọ̀dù jó tẹ̀ lé e. Mo gbé e lọ fún àwọn ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní kí n lọ ra òmíràn. Choke T5, Alaba ni, n óò rí i rà kílẹ̀ tó ṣú. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu fáànù tuntun yìí ní gbogbo Sátidé.


Àjọkẹ́_Ọ̀yọ́
Ọjọ́ Ajé, 3:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo kàn ń kọjá ni. Ṣé iyùn tí ẹ ń sọ yìí náà ni ìyá àgbà mi ń so mọ́rùn? Ṣé ó ń jẹ iná?


ÌyáẸja_Peckham
Ọjọ́ Ajé, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Àjọkẹ́, ìbéèrè gidi nìyẹn, má tọrọ àforíjì. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra. Iyùn pupa àtàtà tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, inú Òkun Mẹditaréníà ni ó ti ń wá, inú ihò àti abẹ́ àpáta tó ṣókùnkùn ló fẹ́ràn. Kò ní ewé nínú ara, oúnjẹ tí omi bá gbé kọjá ló ń gbá mú. Tìyá àgbà ò jẹ iná o. Àwọn tiwa tó ń kọ́ àpáta sínú òkun tó gbóná ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ wá kí mi níbí, ó dúró síwájú táǹkì títí, ó ní, "Gbogbo iyùn yìí, ẹyọ kan ò sì ṣeé so mọ́rùn?"


ỌmọÌjẹ̀ṣà_Manchester
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:48 alẹ́

Mo ti rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú mi. Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín.

Mo gba app kan sórí fóònù tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Mo wọn T5 mi, mo tún lọ wọn LED ọ̀rẹ́ mi kan. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tiẹ̀. Ṣé LED ò wá lágbára tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀ ni?


ẸnjiníàIná_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

Jọ̀ọ́, pa app yẹn rẹ́! Ojú èèyàn ni fóònù ń bá wọn ìmọ́lẹ̀. Ojú wa mọ àwọ̀ ewé dáadáa, kò mọ búlúù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà LED tó búlúù kítíkítí á dà bí iná tó ń kú lọ lójú fóònù, iyùn á sì máa jóná lábẹ́ rẹ̀. Bí o bá gba ohun tó sọ gbọ́, wàá ṣe ohun tí Bàbá Ìbejì ṣe.

Ohun tí o fẹ́ wọn ni PAR, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ewé lè lò, láàárín 400 sí 700 nanomítà. Mítà tirẹ̀ wà. Èyí tí wọ́n ń ri sínú omi tó tún mọ LED kà dáadáa ni MQ-510 ti Apogee. Àwọn mítà wọn àtijọ́ máa ń ka búlúù kéré. Ó wọ́n. Má rà á, yá a.


BàbáÌbejì_Houston
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ onítáǹkì tó wà nítòsí rẹ lè ní mítà tí wọ́n ń yáni. Ohun tí mo fi ń ṣèwọ̀n ni pé iyùn rírọ̀ á ṣe dáadáa láti 50 sí 100, àwọn iyùn líle tí ẹnu wọn tóbi láti 75 sí 150, Acropora àti ẹbí rẹ̀ láti 200 sí 350. Kì í ṣe òfin Mósè o, iyùn tó ti mọ́ lára láti máa gbé nínú òjìji á fẹ́ kéré sí i.

Ìyá Ẹja, mi ò bá yín jà lórí abẹ́ ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ẹ gbà fún mi pé àwọ̀ iyùn lábẹ́ LED ju ti T5 lọ fíìfíì.


ÌyáẸja_Peckham
Ọjọ́rú, 6:58 àárọ̀

Mi ò gbà. Iyùn ní èròjà kan lára tó máa ń tàn bí búlúù bá lù ú, á ta àwọ̀ ewé, á ta ọsàn. Ẹ tẹ búlúù sókè ni, gbogbo wọn wá ń tàn bí ilé ijó. Ìyẹn ò ní ká sọ pé ara wọn le. Ẹ tan iná funfun fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tún wò wọ́n, ẹ óò rí àwọn tó ti rù.

Ọjà náà kún fún ìtànjẹ yìí. Wọ́n á ya àwòrán lábẹ́ búlúù, o ó sanwó, o ó délé, o ó bá iyùn aláwọ̀ ilẹ̀ nínú ọ̀rá.


BàbáÌbejì_Houston
Ọjọ́rú, 2:15 ọ̀sán

Ó dùn mí, torí ó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wí ire, ìyá.


ẸnjiníàIná_Ìbàdàn
Ọjọ́rú, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹnikẹ́ni ò tíì dá a lóhùn lórí owó. Mo ṣírò rẹ̀.

T5 mẹ́rin, wáàtì 216. Wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́ jẹ́ yúnìtì 788 lọ́dún. Ká ní pẹ́ńsì 25 ni ẹ ń san lórí yúnìtì kan níbẹ̀, £197 nìyẹn. LED méjì tó jẹ́ wáàtì 65 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan á jẹ yúnìtì 475, bíi £119. £78 ló jẹ́ èrè, kò sì ní pé bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù Manchester, nítorí ooru T5 ti ń bá ẹ̀rọ amómigbóná ṣiṣẹ́. Bí o bá yọ ọ́, ẹ̀rọ yẹn á máa tàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí owó ń gbà jáde lápò rẹ ni ọ̀pá fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ £22, mẹ́rin ní oṣù mẹ́wàá mẹ́wàá, bíi £105 lọ́dún. Pa á pọ̀, £183. £620 tí wọ́n ní kí o mú wá á padà sápò rẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ààbọ̀ tí kò pé, bí fáànù kò bá kú bíi ti ará Lẹ́kkì.

Ẹlẹja, tìrẹ lórí Band A, ìpele owó iná yín níbẹ̀, bí a bá fi ₦209.5 lórí yúnìtì kan ṣírò rẹ̀: iná T5 mẹ́rin ń lọ sí ₦165,000 lọ́dún, LED ₦99,000. Mi ò tíì ka epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn.


ẸlẹjaLẹ́kkì
Ọjọ́rú, 6:11 ìrọ̀lẹ́

Má kà á mọ́ ọn, jọ̀ọ́. Mo fẹ́ sùn lálẹ́ yìí.


ÌyáẸja_Peckham
Ọjọ́rú, 9:20 alẹ́

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ta ló ní kí o yan ọ̀kan? Yọ ọ̀pá méjì tó wà láàárín, fi èyí iwájú àti èyí ẹ̀yìn sílẹ̀, kí o gbé LED gbọọrọ sáàárín wọn. LED á fún wọn lágbára, ọ̀pá á máa wọ abẹ́ ẹ̀ka. Ọ̀pá méjì ni wàá máa wá kiri, kì í ṣe mẹ́rin.


ỌmọÌjẹ̀ṣà_Manchester
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, Ọjọ́ Ẹtì, 8:03 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún mi nímọ̀ràn, mo jẹ yín ní ìròyìn.

Mo yá mítà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, £10 fún òpin ọ̀sẹ̀. T5 mẹ́rin mi, tí ọ̀pá rẹ̀ ti lo oṣù mẹ́sàn-án, fún mi ní 210 lókè òkúta, 130 láàárín, 70 lórí iyanrìn. Mo wá ṣe bí Ìyá Ẹja ṣe wí: ọ̀pá méjì tuntun, iwájú àti ẹ̀yìn, LED gbọọrọ méjì láàárín, £140 lẹ́yọ. Mi ò padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà tó ń rẹ́rìn-ín yẹn. Mo tẹ LED títí mítà fi sọ 210 lókè bíi ti tẹ́lẹ̀. 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló bọ́ sí. Ẹ wò ó, ká ní mo tẹ̀ ẹ́ dé ọgọ́rùn-ún!

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni mi ò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà mo ń fi márùn-ún kún un. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, iyùn Montipora kan tó rí bí àwo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí létí, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ọṣẹ kun etí rẹ̀ yíká. Mo dá a dúró ní 45, mo gbé Montipora sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n ọwọ́ kan, àwọ̀ rẹ̀ ti ń padà. Acropora mi ń ta ṣóńṣó tuntun. Ó ń jẹ alkalinity, èròjà inú omi tí iyùn fi ń mọ egungun, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láti 8.2 sí 7.4 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n fi kún èyí tí mò ń dà sínú omi. Ẹ wo ìyẹn náà bí ẹ bá ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un: oúnjẹ tó pọ̀ sí i ni wọ́n fi ń mọ egungun.

Mo tún ra ọ̀pá mẹ́fà pamọ́. Abẹ́ ibùsùn ni wọ́n wà, mo fi aṣọ òtútù wé wọn. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀.


ÌyáẸja_Peckham
Ọjọ́ Ẹtì, 8:19 alẹ́

O ṣeun, ọmọ dáadáa. Dojú Montipora yẹn dé lóṣù tó ń bọ̀ kí o ya àwòrán abẹ́ rẹ̀ wá fún mi.

Bí ibi tí o ti rí mẹ́fà yẹn bá ṣì ní búlúù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, bá mi mú méjì. Màá fi owó ránṣẹ́ lálẹ́ yìí.